Erin Lókè, Ìrẹ̀ Nísàlẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé erin lórí kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ìgbà tí erin ṣì ń gbé inú igbó ni wọ́n sọ ọ́, tí ìrẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọmọdé ń wà lẹ́yìnkùlé, tí ó ń sun jẹ. Wọn ò mọ̀ pé ìran kan ń bọ̀ tí yóò sọ erin kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tí yóò lọ yáwó ra ẹ̀rọ tí yóò máa bá a gbé erin náà sókè, kí ó lè ráàyè wa ìrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìran náà ti dé. Sùúrùlérè ló ń gbé, Toyota Highlander ló ń wà, ìrẹ̀ tó ń wá kò sì ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ, èyí tí mẹkáníìkì ń pààrọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ohun tí àwa náà yóò pè é níbí nìyẹn. Ẹ má pè é ní òmùgọ̀ o. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì ya lulẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan lára ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò gun òkè àjà. Bùṣì, ṣọ́ọ̀kì, línkéèjì, ohun tí èèyàn ń yà rà ní ọjà Ládípọ̀ nígbà tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ti di ohun tí tọkọtaya ń jókòó ṣèpàdé lé lórí. Ó wá rò ó pé bí òun bá ń fi ọwọ́ ara òun ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì yóò fúyẹ́. Títí dé ibẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Fídíò ló bà á jẹ́. Ó rí òyìnbó kan nínú fóònù, gáráàjì rẹ̀ mọ́ tónítóní bí yàrá ìyàwó tuntun, òyìnbó tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ sì gbéra nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Bàbá Ìbejì.

Iṣẹ́ àrà náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ní 1925 ni Peter Lunati ti gbé ẹ̀rọ tó ń fi agbára epo gbé ọkọ̀ jáde ní ìlú Memphis, ní Amẹ́ríkà. Àga onígbàjámọ̀ tó ń lọ sókè sódò ni wọ́n ní ó kó sí i lórí. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ẹ̀, síbẹ̀ ẹ rìn gba Fatai Atere lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin lónìí, ẹ ó rí ọmọ iṣẹ́ tó tẹ́ páálí sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, jáàkì crocodile kan ló gbé iwájú ọkọ̀ náà dúró, táyà tí wọ́n yọ wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà nìkan ló sì yọ síta. Bí ẹnikẹ́ni bá nílò ẹ̀rọ Lunati ní Èkó, ọmọ yẹn ni. Ṣùgbọ́n òun kò lówó, ẹni tó lówó ni kò níṣẹ́ tí yóò fi í ṣe.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá Ìbejì ti sọmọ lórúkọ tán kó tó rántí pé ilé wà. Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ LEDB kọ́ sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, nígbà tí wọ́n ń wó àwọn ilé jágbajàgba ibẹ̀. Ilé oníyàrá kan sí mẹ́rin tó fara ti ara wọn ni. Ẹni tó ya pílánù rẹ̀ kò fi ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè sínú ìṣirò, mi ò sì rí ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí Bàbá Ìbejì ń pè ní gáráàjì, ẹ̀gbẹ́ géètì ni, wọ́n fi páànù bò ó lórí, íńtálọ́ọ̀kì ló wà nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ gba igun kan, obìnrin oní-POS gba igun kejì.

Ẹ̀rọ olópòó méjì ló kọ́kọ́ wù ú. Alágbàtà ní ó ṣeé gbé kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, pé kò sí wàhálà. Ohun tí kò sọ ni pé bóòtù la fi ń kan òpó náà mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kọnkéré gidi tí kò dín ní ínṣì mẹ́rin, tó sì ti gbẹ dé inú. Íńtálọ́ọ̀kì kì í ṣe kọnkéré. Orí yanrìn ni wọ́n tò ó sí. Òpó tí ẹ bá kàn mọ́ ọn, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gun orí rẹ̀ ni yóò hú tòun ti bóòtù. Ẹni tó bá tilẹ̀ ní jámánì flọ́ọ̀, kó bi bíríkílà rẹ̀ léèrè lójú ara rẹ̀: báàgì sìmẹ́ńtì mélòó ló wọ inú ẹ̀, mélòó ló sì gba ẹ̀yìn géètì jáde?

Ìyẹn kò ṣeé ṣe, ló bá yà sí irú kejì. Férémù irin gbọọrọ méjì ni, a tẹ́ ọ̀kan sábẹ́ apá ọ̀tún ọkọ̀, ọ̀kan sábẹ́ apá òsì, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń fún epo sínú wọn. Àwọn QuickJack ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kí n má purọ́, ọgbọ́n wà nínú ẹ̀: kò nílò bóòtù, tí ẹ bá lò ó tán ẹ ó fi ti ògiri. Àmọ́ tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni èyí tí Bàbá Ìbejì rà. Iná 110 ni mọ́tò rẹ̀ ń jẹ, iná tiwa sì jẹ́ 230 tàbí 240. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, NEPA tí kì í mú iná wá mú un wá pé pérépéré. Èéfín ló kọ́kọ́ gbéra. Riwáyà ló bá wọn tún mọ́tò náà dì, wọ́n sì ra step-down lé e. Èyí tó ń fi bátìrì ọkọ̀ ṣiṣẹ́ wà lọ́jà, òun náà ni mo rò pé ó yẹ ẹni tó ń gbé ní Èkó, àmọ́ kì í ṣe òun ló wà nínú fídíò.

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ gòkè ní tòótọ́. Highlander ga ju mítà kan àti àbọ̀ lọ dáadáa, ẹ̀rọ sì fi bí ìdajì mítà lé e. Páànù gáráàjì ò mọ̀ nípa ìṣirò yìí títí irin orí ọkọ̀ fi kàn án. Ọmọ tó tẹ bọ́tìnì kò tètè jáwọ́, òrùlé náà bá a gbéra. Oní-POS sá jáde tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀.

Alfa, mẹkáníìkì rẹ̀, dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó yí ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀mejì.

“Dádì, ẹ kú ìnáwó o. Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?”

“Ọ́ìlì ni.”

“Ọ́ìlì? Èyí tí mo máa ń wa ọkọ̀ gun pákó méjì, tí mo fi ń yọ ọ́?”

Bàbá Ìbejì ò dáhùn. Alfa tẹ̀ríba, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì pe Dádì pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Ibi tí férémù gbé ọkọ̀ dúró ti dógùn-ún. Ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ òtútù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nítorí yìnyín, abẹ́ rẹ̀ ni iyọ̀ náà ń jẹ. Ọ̀dà tí wọ́n fi bò ó ní Cotonou kì í wo ìpáta sàn. Ó tún béèrè ìwọ̀n. Páùn 5,000 ló wà lára ẹ̀rọ, ìyẹn kílò 2,268. Highlander kò tó bẹ́ẹ̀, ó gbé e. Ṣùgbọ́n Land Cruiser àbúrò Dádì, tí Dádì ti ṣèlérí pé kó gbé wá, ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò lé e. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: níbo ni irin tó ń ha á mọ́ra wà? Nítorí epo ló ń gbé ọkọ̀ sókè, àmọ́ kì í ṣe epo ló yẹ kó dá a dúró sókè. Síìlì kan ṣoṣo ló máa já. Ẹni tí irin kò bá tíì há fún, kó má ti orí bọ ibẹ̀, kó má sì fi búlọ́ọ̀kù ti ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù Èkó kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Sítáǹdì irin ni ká tì sábẹ́ rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, jáàkì crocodile tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta, sítáǹdì irin mẹ́rin àti ilẹ̀ tó tẹ́jú ti tó fún gbogbo ohun tí Bàbá Ìbejì lè ṣe láyé rẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò dúró lójú géètì wo jáàkì?

Alfa ló rí ohun tí ẹ̀rọ náà wúlò fún. Ó bẹ Dádì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé oníbàárà kan wá lọ́jọ́ Sátidé. Camry Muscle kan dé. Ní Sátidé kejì, Muscle méjì, Big Daddy kan, àti Sienna tó ń jo ọ́ìlì láti Ojúẹlẹ́gba. Wọ́n ṣí páànù méjì lórí gáráàjì. Ìyá Ìbejì gbé ẹ̀wà àgànyìn sójú géètì fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ wọn. Highlander onílé wà níta lẹ́bàá gọ́tà, kò ráàyè wọlé, ọ́ìlì rẹ̀ sì ti lé lóṣù mẹ́rin. Lábẹ́ Sienna ni ohùn Alfa ti ń jáde: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀ sí i! Ó tó, ó tó!” Dádì ló di bọ́tìnì mú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Alfa ka owó, ó yọ tirẹ̀, ó yọ ti àwọn ọmọ iṣẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún Dádì ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà pé owó iná nìyẹn. Ìyá Ìbejì gba ẹgbẹ̀rún méjì náà: owó ẹ̀wà tí Dádì jẹ láti àárọ̀ ni.