Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àmọ́ Ọjà Wo Là Ń Lọ?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ ará Ọ̀rẹ̀ ní òwe yẹn? Ìlú tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ìbíní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé ni. Ẹni tó bá dúró ní oríta níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà pọ̀ lóòótọ́; ó sì mọ̀ pé kí èèyàn tó wọkọ̀, á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ.

Àfi bó bá di ọ̀rọ̀ owó ni a kì í béèrè mọ́. Lọ́dún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, àgbẹ̀ Òdìgbó, lágbègbè Ọ̀rẹ̀ náà, rẹ́rìn-ín. Kí kòkó tó gbẹ tán nínú oòrùn, ọmọkùnrin kan ti dé pẹ̀lú fóònù méjì lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ kú oríire owó kòkó. Ẹ fi ₦200,000 síbí, ẹ ó gba ₦400,000 lóṣù tó ń bọ̀.”

“Kí lẹ ń tà?”

“Bàbá, ẹ̀rọ ló ń ṣe é.”

Bàbá tó máa ń bu kòkó sọ́wọ́, tó máa ń rún un létí kó tó gbà pé ó gbẹ, kò béèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ó kówó sílẹ̀.

Ẹni tó gbọ́n jù ú lọ, òwe ló fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní òun ò lè kó gbogbo owó òun sójú kan, ṣebí ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó fi díẹ̀ sí sogúndogójì orí Telegram, díẹ̀ sí ti WhatsApp, díẹ̀ sí èyí tí wọ́n polówó rẹ̀ nínú ìsìn, díẹ̀ sí èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú wá. Ọ̀nà mẹ́rin gbáko! Inú igbó kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já sí, ọlọ́ṣà sì ti lúgọ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò gbọ́ rí. Sogúndogójì tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ṣoṣo. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó tilẹ̀kùn. NDIC, àjọ adójútòfò owó báńkì, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù nǹkan bíi ₦18 bílíọ̀nù. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ó kan CBEX, sogúndogójì mìíràn. Ní Ìbàdàn, àwọn tó fowó sí i ya wọ ọ́fíìsì ibẹ̀, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá. Ẹni tó ń retí ìlọ́po méjì, àga ló gbé relé.

Èwo wá ló wọ ọjà? Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń tọ̀ lóṣooṣù láìmọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ pamọ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un. Ìjọba kì í gba owó-orí lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó náà ṣòwò, ìyẹn PFA, kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún iye tí òfin wí lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó bá yọ ọ́ kí ọdún 5 tó pé, owó-orí á kan èrè rẹ̀.

Inú ibẹ̀ gan-an lọ̀nà ti pọ̀. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti pín in sí Fund I dé Fund IV. Bí ẹ ò bá tíì pé ọmọ ọdún 50, tí ẹ ò sì sọ nǹkan kan, Fund II ni wọ́n á fi yín sí. Fund I ló ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ jù. Ó lè gòkè dáadáa, ó sì lè já wálẹ̀, ẹnu ara ẹni lèèyàn fi ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 50 bọ́ sí Fund III, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Fund IV. Ẹ wá bi tísà ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ léèrè Fund tó wà. “Èwo nìyẹn? Ìjọba ló mọ̀.” Ẹ bi í ní iye tí Bitcoin jẹ́ láàárọ̀, á kà á fún yín dórí kọ́bọ̀.

Ọ̀nà yìí náà ní kòtò o. Ọ̀wọ́n ọjà ọdún 2024 lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì jẹ nínú owó àwọn tó ń fi pamọ́. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè owó ìfẹ̀yìntì débi pé lọ́dún 2025, ó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ₦758 bílíọ̀nù láti fi san án. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọ̀dọ́ ro ti Fund I, kí ó sì ní ilẹ̀ tàbí oko lọ́tọ̀. Àmọ́ kòtò ojú títì kì í ṣe ẹgbẹ́ igbó ọlọ́ṣà.

Àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà náà ò sì sí níta. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà owó ìfẹ̀yìntì fún wọn: nígbà náà, wọ́n ya ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ìṣòro, ìdá 60 fún ọjọ́ ogbó.

Ẹ pe PFA yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè Fund tí owó yín wà àti èrè tó mú wá lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó bá sì ní òun á sọ ₦200,000 di ₦400,000 lóṣù kan, ẹ ní kó lọ fi owó tirẹ̀ ṣe é.