Ọmọ Odó Mi àti Ọ̀rọ̀ Líbátì

Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ má wulẹ̀ wá àga fún mi, n kò ní í pẹ́. Ọmọ odó mi ni mo wá gbà, èyí tí Ìyá Kúnlé yá nígbà tí wọ́n ń gún iyán ìkómọ. Ọmọ tí a kó jáde ti ń rákò, ọmọ odó kò tíì mọ̀nà ilé. Ó dáa, ẹ gbé àpótí yẹn súnmọ́ mi, orúnkún ń dùn mí.

Kí n tó gbàgbé, ta ni nínú yín ló sọ fún ọmọkùnrin tó gba yàrá ẹ̀yìn pé pápá bọ́ọ̀lù lásán ni Líbátì? Mo gbọ́ ọ lánàá tó ń sọ ọ́ lórí fóònù. N kì í fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn o, ẹ mọ̀ mí. Fèrèsé ló ṣí sílẹ̀.

Pápá bọ́ọ̀lù lásán kẹ̀! Nígbà tí kòkó ṣì ń pa owó fún Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n kọ́ ọ. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí; kò tíì pé ọdún kan, wọ́n ṣí Líbátì, ní September 30, 1960. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni òyìnbó ká àsíá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èèbó mọ̀ pé òmìnira ni Líbátì túmọ̀ sí. Èkó ṣì ń retí October 1, Ìbàdàn ti ní òmìnira tirẹ̀, ó tún ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí nínú rẹ̀. Akíntọ́lá ni Pírẹ́míà lọ́jọ́ náà, nítorí Awólọ́wọ̀ ti fi ipò yẹn sílẹ̀ lọ ṣe olórí àwọn alátakò l'Ékòó. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ mi wà lórí iná.

Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ìyá ọkọ mi ló mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Bí ẹ bá dárúkọ Líbátì fún wọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rántí, ọjọ́ Dick Tiger. August 10, 1963. Richard Ihetu lorúkọ rẹ̀ nílé, ọmọ Ìgbò láti Amaigbo, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ gbogbo wa ni. Òun àti Gene Fullmer, òyìnbó ará Utah ní Amẹ́ríkà, ló fẹ́ ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ìgbànú àgbáyé. Wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ní San Francisco ní 1962, Tiger borí. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas, wọ́n ta ọ̀mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé wá bá wa.

Ìyá ọkọ mi ti gbé gúgúrú àti ẹ̀pà dé ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀. Agolo mílíìkì kékeré ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀pà, tọ́rọ́ lágolo kan, wọ́n sì ti lu ìdí agolo náà wọnú díẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún ọkọ mi o, kò mọ̀ títí di òní. Owó tí wọn ì bá fi wọlé, inú ọjà ni wọ́n kó o sí, nítorí náà etí ni wọ́n fi wo ìjà. Inú pápá á bú sí ariwo ayọ̀, wọ́n á wọn ẹ̀pà. Á tún dákẹ́ lọ ṣíí, wọ́n á dá ọwọ́ dúró, agolo á wà lókè. Wọ́n ní nígbà tó di ráúndì keje, ariwo náà kò já mọ́. Abẹ́ṣẹ́kù-bí-òjò ni wọ́n ń pe irú wọn, òjò ọjọ́ yẹn sì pa Fullmer débi pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó tó, kò jáde fún ráúndì kẹjọ. Kò tún ja ìjà kankan mọ́ láyé rẹ̀. Ìjà ìgbànú àgbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn, ìyá ọkọ mi kò rí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo sójú. Nígbà tí èrò tú jáde, ẹnì kan fẹsẹ̀ gbá àtẹ wọn dànù. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣépè fún ẹni tó bá kan fọwọ́ kan àtẹ yẹn. Lọ́jọ́ Tiger, ẹ̀rín ni wọ́n rín.

Bọ́ọ̀lù tí ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn ń sọ náà ńkọ́? Ní 1980 tí a gba àlejò ife Áfíríkà, kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti gbá a. Àgéríà, Mòrókò, Gínì àti Gánà, Líbátì ni wọ́n kó àwọn sí. Gánà ló ni ife yẹn láti 1978, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti di ẹrù wọn ní Ìbàdàn. (Báàgì Ghana Must Go kọ́ o, ìyẹn di 1983.) Àgéríà fi pẹnáritì lé Íjíbítì lọ ní Líbátì kan náà, wọ́n wá lọ jẹ gólì mẹ́ta sódo lọ́wọ́ wa ní Sùúrùlérè l'Ékòó. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan. Níbo ni àwọn méjèèjì ti wá? IICC Ìbàdàn, àwọn tó gba ife Áfíríkà ti àwọn kíláàbù olúborí ife ní 1976, tí ẹ ń pè ní Shooting báyìí. Èkó ló gba ariwo, àwa la ni àwọn ọmọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní 1979, Ìbàdàn ni, Olúyọ̀lé '79. Ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 1999, Líbátì wà níbẹ̀. Ti 2009, Ìjẹ̀bú-Òde ló mú un mọ́ wa lọ́wọ́. N kò fẹ́ bá Ìjẹ̀bú jà, wọ́n mọ owó ná. Shooting náà ti kó lọ sí Adámásingbà, pápá Lékan Sàlámì. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Líbátì láàárọ̀: àwọn abíkùn-bí-àmù á máa sáré yípo, wọ́n á sì kọrí síbi tí wọ́n ti ń ta dòdò. Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ti kọ́ mọ́tò. Àwọn olóṣèlú ń pàgọ́ síbẹ̀, oníwàásù náà ń pàgọ́. Ìgbà míì, láti ojú títì, n kì í mọ èwo ni èwo.

Níbi ìpàgọ́ ìbò irú bẹ́ẹ̀ ni Ààrẹ Jonathan ti sọ ọ́ di Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ó tọ́ sí bàbá, ta ni yóò jiyàn? Ilé wọn ní Òkè-Bọ́lá kò jìnnà síbẹ̀. Àmọ́ ẹ dúró lójú títì, kí ẹ pe gbogbo orúkọ yẹn fún ọlọ́kadà. Á wò yín tẹsẹ̀-torí, á ní àlejò nìyí, owó á lé igba náírà. Ẹ sọ pé Líbátì.

Ìyá Kúnlé, níbo lẹ̀ ń yọ́ lọ? Ẹ gbé ọmọ odó mi jáde.