Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Lọ Wo Sunny Adé Lójúkojú

Ẹ̀yin ọmọ Ìsìkàn, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ki nǹkan bọ etí lẹ́yìn yẹn, ẹ yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo pè yín sí lónìí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ, ó ju ọ̀rọ̀ oyè lọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń lọ wo Sunny Adé, olórin jùjú, lójúkojú, ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, ẹnì kan ò sì wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àgbà. Ẹni tó ń lọ fẹ́yàwó ń gba ìmọ̀ràn. Ẹni tó ń lọ sókè òkun ń gba àdúrà. Ẹ̀yin kàn lọ ra bàtà.

Ta lẹ tiẹ̀ ń lọ wò ná? Òṣogbo ni wọ́n ti bí i ní 22 September 1946, ṣùgbọ́n ọmọ ọba Oǹdó ni. Mo rí i pé ará Oǹdó tó wà láàárín wa ti ń tún fìlà ṣe. Ẹ rọra, gbogbo wa la ni ín. Ó sọ nílé pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ, àṣé orin ló ń sá tọ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fo ibẹ̀ yẹn. Ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tẹ́ ẹ mọ̀ sí aláwàdà, ló kọ́kọ́ bá ṣeré, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tó fi di 1982, ilé iṣẹ́ Island Records ti gbé àwo Juju Music jáde fún un, òyìnbó tí ò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ń mi ìdí sí gángan. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ò rí áyọ́ọ̀nù lọ wò.

Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Òun ò mọ̀ yín. Ohun tó ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Láti kékeré lẹ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí màmá yín bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, nínú mọ́tò Oǹdó, níbi òkú ìyá àgbà, ẹ wá sọ ọ́ di mọ̀lẹ́bí. Ọmọkùnrin kan wà níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí bàbá rẹ̀ jókòó tì mí, tó lọ síbi eré olórin kan tó fẹ́ràn. Bó ṣe rí ọkùnrin kan nídìí makirofóònù, omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ó dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin náà sì ń sọ pé, "Hẹ́lò, hẹ́lò, wọ́ọ̀nù, túù." Ẹni tó ń tún wáyà ṣe ni! Nígbà tí olórin máa jáde, ẹkún ti tán lójú ọmọ wa. Ẹkún ò burú. Ẹ ṣáà fi pamọ́ de ẹni tó ni ín.

Ìròyìn ò tó àfojúbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àfojúbà ní ìyà tirẹ̀. Ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Olórin jùjú tó dúró níwájú yín ò ní ojú kìíní, kò ní ojú kejì. Orin kan á wọnú òmíràn, wọ́n á ki ẹni tó ń ṣe òkú, wọ́n á ki àna rẹ̀, títí àkùkọ á fi kọ. Orin tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ wá lè má ju ìlà méjì lọ. Ẹ má pariwo pé kó kọ ọ́. Ibi iṣẹ́ ló wà.

Owó gan-an ni wàhálà. Láyé tiwa, iwájú orí olórin lèèyàn fi ń sọ orúkọ fún un: ẹ lẹ náírà mọ́ ọn, òógùn á dì í mú díẹ̀, á já bọ́, ọmọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn á rọ́ ọ sápò láì wojú yín. Kíá, gángan ti pe bàbá bàbá yín. Mo rí ẹni tí gángan pè ní ọmọ ẹkùn, ẹyẹlé ni gbogbo ilé wọn ń sìn. Àmọ́ òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí ò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ni ti ẹni tó bá ń náwó bẹ́ẹ̀ lóde. Ní April 2024, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lọ lo oṣù mẹ́fà náà. Nítorí náà, ẹ fi owó sínú àpòòwé. Gángan ò mọ àpòòwé, ẹ ò ní gbọ́ oríkì. Ẹ fara mọ́ ọn.

Ti fóònù, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó gbé e sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nígbà wo ló máa rí gìtá tí wọ́n tẹ́ gbalaja sórí ẹsẹ̀ irin, tí ẹni tó ń ta á jókòó tì í, tó ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀? Ohun tó ń ké nínú Juju Music nìyẹn. Ọdún mélòó lẹ fi pè é ní dùùrù?

Ẹ má sì sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Orlando Owoh, olórin ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà kó tó bá ẹgbẹ́ tíátà Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣeré ní 1958, kú ní November 2008. Àwọn kan wà níbí tó lè kọ àwo rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn, tí wọn ò fojú kàn án rí. Mi ò ní ìmọ̀ràn fún wọn. Ẹni tí wọ́n bí ní 1946, ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ fúnra yín.

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ lọ, kó wá rí mi kó tó délé. Èmi náà ò tíì rí Sunny Adé rí.