Páànù Táyé, Páànù Kẹ́hìndé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí n pariwo. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣé ẹ rántí bí Bàbá Ìbejì ẹ̀gbẹ́ kànga yìí ṣe máa ń ta ayò látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Bí ọmọ ayò bá já bọ́, ọmọ ọlọ́mọ ló ń pè kó wá bá òun ṣà á!

Lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn l'Ákóbọ̀, mo gbé ẹ̀wà lọ tà níbẹ̀. (Ìyàwó télọ̀ ló bá mi lọ ata rẹ̀. Owó ata yẹn ń bẹ nílẹ̀ o… ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.) Ta ni mo rí? Bàbá Ìbejì ló ń gun pákó lọ, páànù kọ̀ǹkéré lórí, omi sìmẹ́ǹtì ń ro sí i létí. Ó ń wí nǹkan lẹ́nu. Mo ṣe bí àdúrà ni. Àṣé "Ti Táyé" ló ń wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé òmíràn: "Ti Kẹ́hìndé."

Owó WAEC mà ni! Lọ́dún 2025, 27,000 náírà lórí ọmọ kan, kí ilé ìwé tó bu tiwọn lé e. Ìbejì ló bí, ó di 54,000. Ẹni tí ìjọba ń san 70,000 fún lóṣù gan-an, 16,000 ló máa kù sí i lọ́wọ́, kò sì tíì jẹun. Lébìrà ńkọ́? Ìyá wọn ló ní àfi ilé ìwé aládàáni, torí yúnífọ́ọ̀mù wọn ní táì. Táì! Nínú ooru Ìbàdàn yìí.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ọ̀gá bíríkìlà ní ó ti tó. Bàbá Ìbejì yarí. Ó ní páànù tóun gbé kẹ́yìn, ti Táyé ni. Ṣebí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Ṣé àbúrò ló máa fi páànù kan ju ẹ̀gbọ́n lọ ni? Ló bá ṣa èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ jọ, ó gbé e gòkè. Wọn ò fi kọ́bọ̀ lé owó ẹ̀. Èmi bu ẹ̀wà ṣíbí méjì lé tiẹ̀. Ẹ má sọ fún ìyàwó ẹ̀ o.

Lálẹ́, ọrùn kọ̀, kò yí mọ́. Kẹ́hìndé ń fi àbóníkì pa á, bàbá ní kó dúró ná, kó ṣẹ́ apá kan kù fún Táyé.

Yéè, òun ló ń bọ̀ yẹn! Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ire yín la kúkú ń sọ.