Tintin ní Paris, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, àwọn alágbàǹjo Artcurial nílùú Paris gbé bébà kan síta. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 34, òró rẹ̀ náà sì jẹ́ 34. Dírágónì pupa ńlá kan ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri, ọmọkùnrin kan tó ní ṣóńṣó irun níwájú orí sì ń yọjú látinú ìkòkò ilẹ̀ Ṣáínà. Tintin ni ọmọ náà. Hergé, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ló yà á lọ́dún 1936 pé kó jẹ́ èèpo ìwé Le Lotus bleu. Casterman tó ń tẹ ìwé rẹ̀ ní àwọ̀ ara rẹ̀ pọ̀ jù, owó títẹ̀ ẹ́ yóò ga, ni wọ́n bá dá a padà fún un. Ìtàn tí ìdílé Casterman ń sọ ni pé Hergé wá fi àwòrán náà ta ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje lọ́rẹ. Ọmọ náà ká a, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn kan tó mọ iṣẹ́ Hergé dunjú ń bá wọn jiyàn lórí ìtàn yẹn, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n ti ká bébà náà ṣì hàn kedere. Nígbà tí òòlù alágbàǹjo balẹ̀, tí wọ́n sì ro owó iṣẹ́ wọn mọ́ ọn, ó di 3,175,400 yúrò. Ní sẹ́fà, ó lé ní bílíọ̀nù méjì.

Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dé Kpankou, ní agbègbè Kétu ní Benin. Ọmọ ibẹ̀ kan ń gbé Paris, Bàbá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè é, òun ló sì fi í sórí WhatsApp ẹbí. Ó rò pé wọn yóò bá òun yọ̀ ni, torí òun náà ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ, ní ìwọ̀n tí apá rẹ̀ ká. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é.

“Bàbá Ìbejì, èló lo pè é?”

“Ó lé ní bílíọ̀nù méjì, Màmá.”

“Ṣé wọ́n fi ilé kún un ni?”

“Rárá o, Màmá. Bébà yẹn nìkan ni.”

“Bébà tí ọmọdé ti ká?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Màmá dákẹ́. Lórí òkè Kétu, omi jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ owó ńlá, kànga ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń sọ sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn tó ti ṣírò ṣírò, ó bi í léèrè pé, “Ẹni tó rà á yẹn, ṣé kò ní ẹbí ni?”

Ìbéèrè gidi ni. Nílé, owó tó tó bẹ́ẹ̀ ti ní olówó púpọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́: òrùlé ẹnì kan, owó iléèwé ẹnì kan, òkú àgbà tí wọn ò tíì ṣe ẹ̀yẹ rẹ̀. Ní Paris, ẹni tó rà á lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó máa wo dírágónì lóun nìkan, kò sì sí àbúrò kankan tí yóò kàn án.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń rà gan-an? Ẹ jẹ́ ká mú ojú ìwé kan nínú kọ́míìkì Amẹ́ríkà. Bébà líle ni, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 43, ó fẹ̀ tó 28, ó tóbi ju èyí tí à ń rí nínú ìwé lọ, torí kámẹ́rà atẹ̀wé ló ń sọ ọ́ di kékeré. Téèyàn bá sún mọ́ ọn dáadáa, yóò rí ilà pẹ́ńsù búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí kámẹ́rà kì í rí, tí kò sì sídìí láti pa rẹ́. Tàdáwà dúdú wà lórí rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ayàwòrán ti ṣì, ọ̀dà funfun ló fi bò ó. Nígbà mìíràn, orí bébà ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn sí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti pọ́n, etí rẹ̀ sì ti ń ṣí. Létí bébà, olóòtú lè ti kọ ọ́ pé kí wọ́n tún imú ọlọ́pàá yà. Gbogbo ohun tí ìwé títẹ̀ bò láṣìírí ni ẹni tó ń kó o jọ ń sanwó fún. Nínú ilé ìtajà àwọn tó ń tà á, ó lè jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ funfun ni wọn yóò fi mú un wá bá ọ, bí ẹni pé ọmọ tuntun ni.

Ojú ìwé inú kọ́míìkì Amẹ́ríkà tó wọ́n jù nígbà tí wọ́n tà á ni ojú ìwé 25 nínú Secret Wars, ìdìpọ̀ kẹjọ, tí Mike Zeck yà lọ́dún 1984. Wọ́n tà á ní Dallas ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022 ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là àti ọ̀kẹ́ méjìdínlógún (3,360,000). Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Spider-Man wọ aṣọ dúdú tuntun. Ó tán. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí à ń pa lórí aṣọ ẹbí, kò tíì sí èyí tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní Kétu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ti ń tọ́jú nǹkan wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní New York àtijọ́, bí wọ́n bá ti tẹ ìwé tán, ojú ìwé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò níṣẹ́ mọ́. Wọ́n dà á nù, wọ́n gé e, wọ́n fi ta àlejò lọ́rẹ. Jack Kirby, tó wà lára àwọn tó dá Captain America, Hulk àti Fantastic Four sílẹ̀, bá Marvel fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá díẹ̀ padà fún un nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́dún 1987. Nítorí náà, ìyá tó fi ìwé ìròyìn pọ́n àkàrà ní ọjà Kétu kò burú ju olóòtú New York lọ. Àkàrà tiẹ̀ gbóná.

Bàbá Ìbejì kò lówó Hergé. Ohun tó ń rà ni ojú ìwé àwọn bédé (kọ́míìkì) kékeré tí wọ́n ń kà nígbà èwe rẹ̀: Zembla tí ilé iṣẹ́ Lug ní Lyon bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963, Akim, àti Blek tí àwọn ará Ítálì mẹ́ta gbé jáde lọ́dún 1954. Irú wọn kì í wọ́n púpọ̀ ní gbàǹjo. Nígbà náà, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ìwé wọ̀nyẹn ń rìn. Ọmọ tó ní Zembla tí èèpo rẹ̀ ṣì pé lè fi gba Blek méjì tí èèpo wọn ti já. Kouakou, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé, ní tirẹ̀ kò lówó lórí. Láti Paris ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn ọmọ iléèwé ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Kò sẹ́ni tó rò ó nígbà yẹn pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń fọwọ́ yà á. Ó dà bí ẹni pé ọjà ló ń bí i.

Ní apá Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1975, wọ́n gbé akọni aláwọ̀ dúdú kan jáde fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Powerman lorúkọ rẹ̀. Kò sí ohun tó lè pa á àfi ejò. Àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń yà á. Dave Gibbons àti Brian Bolland, àwọn tí gbogbo ayé padà wá mọ̀ nítorí Watchmen àti The Killing Joke, ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n sì ń gbà á yà fún ara wọn. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wọn ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, torí òǹkàwé Nàìjíríà lè máà mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ gbọ́ o! Àwọn èèyàn tó ń wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́ tí wọ́n ń gbé jó, tí ejò, ẹyẹ, ọlọ́kadà àti obìnrin tó ń gbẹ́rù wà lórí rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì ti lóye ìtàn náà kí oníjó tó yí ẹ̀yìn padà, àwọn ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ení, èjì, ẹ̀ta.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí Bàbá Ìbejì wálé. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé tó yẹ ní títọ́jú, ó sì wà lórí àkọsílẹ̀ wọn láti 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn orí rẹ̀ wà ní ilé ọnà Quai Branly ní Paris àti ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọ̀ wọn ti ṣá, òyìnbó sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì wá bá ọ̀gá kan ní Kétu tó ń fi ọ̀dà tuntun kun orí àtijọ́ kan kí ọjọ́ ijó tó pé. Ó figbe ta pé, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ojúlówó ni!”

Bàbá náà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ṣé kó jáde jó nínú ìdọ̀tí ni?”

Bàbá Ìbejì kò rí èsì fọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀dà tuntun kun dírágónì Hergé ní Paris, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni yóò sùn. Ní Kétu, ẹni tí kò bá kun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọn yóò bi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Lójú òǹkọ̀wé yìí, bàbá yẹn ló jàre: igi ń ti ọwọ́ agbẹ́gilére bọ́ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kun lónìí mọ̀ ọ́n gbẹ́ lọ́la. Bébà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó yà á bá kú, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ rẹ̀ tún un yà.

Nǹkan kan tún wà tí Kpankou kò gbà gbọ́. Lọ́dún 2008, ẹnì kan fi gbogbo ojú ìwé mẹ́rìnlélógún tí Steve Ditko fọwọ́ ara rẹ̀ yà, nínú ìwé tí Spider-Man ti kọ́kọ́ jáde, ta Library of Congress ní Washington lọ́rẹ, ó ní kí wọ́n má dárúkọ òun. Kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀! Nílé, ẹni tó fi àga ike mẹ́fà ta àdúgbò lọ́rẹ yóò kọ orúkọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò sì wà níbẹ̀.

Ìtọ́jú náà kò rọrùn níbì kankan. Oòrùn ń pa àwọ̀, nítorí náà Bàbá Ìbejì ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé yàrá wọn ní Paris. Ìyá Ìbejì ní òun kò kúrò nínú oòrùn Kpankou láti wá gbé inú òkùnkùn nítorí Zembla. Nílé, àyè pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ ikán ń bẹ, ikán kì í sì í béèrè ẹni tó yà á.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó yẹ ní títọ́jú wà nítòsí wa. Akinọlá Láṣekàn ọmọ Ọ̀wọ̀ ti ń ya àwòrán ẹlẹ́yà sí West African Pilot láti ọdún 1944, tó ń fi í bá ìjọba àmúnisìn jà. Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super lọ́dún 1976, ibẹ̀ ni Papa Ajasco ti jáde. Ní Benin, Hector Sonon ló ya Zinsou et Sagbo. Nígbà tó sì di 2012, Casterman kan náà tó dá dírágónì Hergé padà ló tẹ Toubab or not toubab rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán òde òní sì ń yà lórí tábílẹ́ẹ̀tì, kò sí bébà tí wọn yóò fi sílẹ̀ rárá. Èyí tó wà nílẹ̀ kò ní pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín ya àwòrán fún ìwé ìròyìn rí, ẹ yẹ inú àpótí wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó yà á àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má lo báírò. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ má ká a, ẹ gbé e jìnnà sí ilẹ̀ àti oòrùn. Bó bá ya, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi séló téèpù lẹ̀ ẹ́, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í jáde lára bébà bọ̀rọ̀.