Jíìpù Ńlá, Ẹnu Ńlá

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti dàwátì, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ sì fò kọjá ₦500, dírẹ́bà àwọn olówó Lẹ́kí ti di afurasí.

“Ṣé kì í ṣe pé o ń fa epo ọkọ̀ yìí tà?”

“Ọ̀gá, mi ò fà á o. Ọkọ̀ yín ló ń mu ún.”

Òótọ́ ló sọ. Land Cruiser V8 ọdún 2020, oní-lítà 5.7, wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n: máìlì 13 péré ló ń fi gálọ́ọ̀nù kan rìn nígboro, ìyẹn bíi lítà 18 fún 100 kìlómítà. Wọn ò sì tíì fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lẹ́kí dán an wò.

Ẹ ṣí búùtù: àpò ìrẹsì, kúlà méjì, àga òde àríyá. Gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ epo. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó náà ń gba tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà ọ̀jẹ̀ níbẹ̀ ni AC. Ọ̀gá wà nínú gbọ̀ngàn ìnáwó, ẹ́ńjìnnì ń kùn lóde láti aago kan títí di aago márùn-ún, kí àga lè tutù dè é. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró lè mu lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, láìrin ìṣísẹ̀ kan.

Ọ̀gá gbà: wọ́n á kó ẹrù búùtù kúrò, wọ́n á géèjì táyà. Ti AC, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú òun.