Ẹja Tó Ń Ṣe Àmín

Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà ní Banigbé: kòtè, ṣáwá, pànlá. Bí wọ́n bá dì mí lójú, ọwọ́ lásán ni màá fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn tó wà níbẹ̀ tó fi iyọ̀ sí i.

Ojúkòkòrò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹgbẹ́ àjọ wa lọ wo Songhaï ní Àjàṣẹ́, oko tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, níbi tí ohun tí ẹran yà sílẹ̀ ti ń di oúnjẹ fún nǹkan mìíràn. Èmi ò wo ìyẹn. Ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni mò ń wò, mo sì ń rò ó pé bí irú èyí bá wà nínú jígí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ta ló tún máa ra kòtè lọ́wọ́ obìnrin òdì kejì?

Oníjígí tó ń ṣe fèrèsé bá mi lẹ àpótí kan, gígùn 150 sẹ̀ǹtímítà, ìbú 60, gíga 60. Omi tó ń wọ inú ẹ̀ tó 540 lítà, lítà kan sì jẹ́ kílò kan, nítorí náà irin ni ajórin fi ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀. Omi kànga ni mo pọn kún un. Mi ò lè di ẹ̀bi ru kílórínì inú omi ẹ̀rọ, bí mo tilẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Goldfish ogún tí mo rà l'Ékòó gba Ìdí-Ìrókò bọ́ sí Igolo nínú ọ̀rá.

Kí ẹja tó dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu ti fi fóòmù kan ránṣẹ́. Ó dúdú, ó ń yọ̀, ó ń rùn. Ó pè mí: “Màmá, inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi adágún ẹja wa ni mo ti yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ jù ú sínú omi bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù kẹ́ ẹ tó kó ẹja sí i.”

Èmi! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ ló ń fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí mi! Mo rẹ fóòmù náà sínú jávẹ́lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́jú, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun, mo sá a sóòrùn. Òkúta ìsàlẹ̀ àpótí náà jẹ nínú jávẹ́lì ọ̀hún. Dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Mo kó ẹja sí i, mo sì ń fún wọn ní búrẹ́dì àti edé lílọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí wọ́n lè sanra de ọjọ́ ọjà.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo fi àǹkárá bò ó. Iná lọ lóru, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi dákẹ́, èmi ń sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, olórí àdúgbò dé, pásítọ̀ wa dé, àfáà ọkọ mi náà dé, torí mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan bínú. Mo gba gbohùngbohùn. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo fa aṣọ.

Omi ti funfun bí omi ògì. Gbogbo ẹja ti gòkè, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Mo kígbe: “Ẹ wò ó, wọ́n ń kí yín!” Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, bó bá ti ní “lórúkọ Jésù”, ẹja á la ẹnu. Ni mo bá tún ní, “Ẹ ò rí i? Wọ́n ń ṣe àmín!” Ọjà pàtẹ́wọ́. Ká ní mo gbé gbohùngbohùn sílẹ̀ níbẹ̀!

Ọ̀kan yí ikùn sókè.

“Ó ń sùn ni,” mo wí.

Ìyá àgbà kan tó ti ń ra ṣáwá lọ́wọ́ mi tipẹ́ sún mọ́ jígí. “Ìyá Ẹlẹ́ja, èló ni èyí tó ń sùn yẹn?”

“Kì í ṣe títà, Màmá.”

“Ẹ gba igba séfà.”

“Màmá, wíwò la fẹ́ máa wò ó.”

“Mo ti wò ó. Ẹ gba igba ó lé àádọ́ta, kẹ́ ẹ bá mi họ ìpẹ́ ẹ̀.”

Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi pé oníbàárà ò gbọdọ̀ dúró pẹ́. Ó kó ọwọ́ bọ omi, ó yọ ẹja náà, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sì ké bí mo ṣe kọ́ ọ: “Gíráàmù 60!” Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sì kú. Wọ́n gbọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́. Pásítọ̀ kọjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń mì. Àfáà ń wá bàtà. Kí ọjà tó tú, púpọ̀ nínú wọn ti sùn, àwọn kan sì ń bi mí bóyá mo máa dín in fún ẹni tó bá ra méjì.

Bí omi inú àpótí ẹja ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ó ná mi lówó kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹja ń tú ammonia jáde níbi tó fi ń mí, oúnjẹ tó bá sì jẹrà ń tú u náà. Òun ni òórùn tó ń gún wa nímú nílé ìtọ̀. Nínú odò, omi á gbé e lọ. Nínú jígí, kò rí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di nitrite. Májèlé ni ìyẹn náà: ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Àwọn kòkòrò mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí ewéko inú omi lè jẹ, tí a sì lè dín kù bí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi. Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ló fi hàn ní nǹkan bí 1890 pé ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìyókù. Wọn kì í yára bí sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Fóòmù dúdú yẹn, ìlú wọn ni. Èmi ni mo da jávẹ́lì sílùú. Àwọn tó sọ omi di funfun, ẹ̀yà mìíràn ni: búrẹ́dì mi ni wọ́n jẹ, wọ́n pọ̀ lọ́gán, wọ́n sì bá ẹja du afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi níbi tó kàn yìí. Ọkùnrin tó ta ẹja fún mi mọ gbogbo èyí. Mo sọ fún un pé àná ni mo pọnmi. Ó wò mí lójú, ó ka ẹja ogún, ó ka owó, ó tún ta oògùn aláwọ̀ búlúù kan lé e. Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n wá ra òmíràn, òun á ṣojú àánú. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré ló wọ́n lẹ́nu ẹ̀! Èmi náà ń tajà. Bí ṣáwá mi bá ti ń rọ̀, mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kó sè é lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní goldfish wà lára ẹja tó ń dọ̀tí omi jù. Ó ní àwọn òyìnbó ń fowó ra ẹja inú odò ìhà ibí, pé Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré tí ikùn ẹ̀ ń pọ́n, gúúsù Nàìjíríà ló ti wá. Èmi kọjá odò, mo kọjá bodè, mo lọ ra ẹja tí baba ńlá ẹ̀ ti Ṣáínà wá.

Ó ti fi fóòmù mìíràn ránṣẹ́, ó rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wà nínú omi báyìí, láìsí ẹja kankan. Kí ebi má pa àwọn kòkòrò náà, mo ń ju ègé ṣáwá kékeré sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè jẹrà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi rí mi níbi tí mo ti ń ju ẹja sómi tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú orógbó wá, ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní òun ò bínú, kí n ṣáà sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún òun kí òun má baà tẹ̀ ẹ́ lójú.

Mo ní ọṣẹ ni.